Ìjókòó Bàbá Onígbòkun

Síìtì kẹ̀kẹ́ márúwá ni mò ń ṣe jẹun ní Ṣómólú, létí ọ̀nà Pedro. Kí n tó dé ibẹ̀, mo lọ sí pólì lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, mo sì sá kúrò kí wọ́n tó lé mi. Ẹnu nìkan ni mo mú bọ̀ láti ibẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ẹnjiníà. Èébú ni, ṣùgbọ́n mo máa ń dáhùn. Tí èèyàn ò bá ní sàtífíkéètì, ó yẹ kó ní oríkì.

Ẹnu yẹn náà ló kó mi sí wàhálà bàbá onígbòkun.

Apẹja ni bàbá yìí, etí omi ní Bàrígà ló ń gbé. Àpò ìrẹsì tí ìyàwó ẹ̀ rán pọ̀ ni ìgbòkun ọkọ̀ ẹ̀, ó sì ti ń fi rin ọ̀sà kí wọ́n tó bí mi. Omi ò pa á. Ọkàdà ló gbá a ní Ọbáníkòró, níbi tó ti fẹ́ sọdá lọ ra oògùn ikọ́. Láti ọjọ́ yẹn, láti abẹ́ àyà lọ sísàlẹ̀, ara ẹ̀ ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́.

Ìyàwó ẹ̀ ló fi wíìlíṣíà tì í wá sí ṣọ́ọ̀bù wa.

"Mo fẹ́ síìtì tí mo lè jókòó sí nínú ọkọ̀ ẹja," bàbá wí.

Ọ̀gá mi ti ń mi orí pé rárá. Èmi ni mo fò síta. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, sà. Iṣẹ́ kékeré nìyẹn."

Ìyàwó ẹ̀ wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ṣé ìwọ yìí ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí?"

"Mo máa ń rí i láti orí Third Mainland, mà."

Bàbá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé e sórí pákó ìjókòó, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú àjẹ̀. Bí atẹ́gùn ṣe gbá ìgbòkun báyìí, ọkọ̀ tẹ̀, òun náà tẹ̀, kò sì rí ara ẹ̀ gbé padà. Ó ṣubú sínú ọkọ̀ bí àpò gàrí, ojú ọ̀run ló ń wò títí tí wọ́n fi wà á dé èbúté.

"Gbogbo ará èbúté ń wò mí," ló wí.

Síìtì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ojú ń tì mí láti ròyìn ẹ̀. Lẹ́dà pupa, òwú aláwọ̀ góòlù, ẹsẹ̀ páìpù. Mo gbé e ga bíi ti dẹ́rẹ́bà kẹ̀kẹ́ kí bàbá lè rí iwájú dáadáa. Bí wọ́n ṣe gbé e jókòó, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́gọ́gọ́ bí ọ̀mùtí.

"Ẹnjiníà," apẹja kan pariwo, "ṣé ìwúyè ni wọ́n fẹ́ ṣe lórí omi ni?"

Fóòmù kẹ̀kẹ́ ọ̀hún sì mu omi bí búrẹ́dì inú tíì. Àwa mẹ́rin la gbé síìtì náà jáde.

Mo tún un ṣe. Mo gé ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò kó lè jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gan-an. Mo lo fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì, torí kì í mu omi. Mo ṣe etí méjì fún un, lọ́tùn-ún lósì, tó gbá bàbá níhà mú. Mo wá bọ́ bẹ́líìtì lára mọ́tò àlòkù kan, mo fi dè é láyà. Bàbá na ìgbòkun létí omi níbẹ̀. Ọkọ̀ tẹ̀, bàbá ò ṣubú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń bú mi: "Ọmọ burúkú! Olóríburúkú Ẹnjiníà!" Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi.

Ìyàwó ẹ̀, tí mo ń pè ní ìyàá, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Tí ọkọ̀ bá dojú dé ńkọ́?"

Ọkọ̀ máa ń dojú dé, gbogbo èbúté ló mọ̀. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á dì í mú. Bàbá náà lè fi ọwọ́ nìkan wẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti so ó mọ́ síìtì, mo sì ti so síìtì mọ́ ọkọ̀. Ohun tó máa dì í mú ni mo rò. Mi ò ro ohun tó máa jù ú sílẹ̀.

"Ìwọ tó ṣe é, bọ́ síbẹ̀," ìyàá ní. Ó tú ìborùn ẹ̀. "Ẹ fi so ẹsẹ̀ ẹ̀ pọ̀, kó rí bíi ti bàbá."

Ọmọ Ṣómólú ni mí. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ga jù, mi ò lè sọ ọ́. Wọ́n so ẹsẹ̀ mi, wọ́n dì mí, wọ́n dojú ọkọ̀ dé. Ilẹ̀ di òkè. Mo ń wá ìdè bẹ́líìtì, ikùn ara mi ni mò ń rí. Mo pe Jésù, mo pe Ànábì, mo pe ìyá mi tí mi ò tíì pè láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, mo bì lé apẹja tó gbà mí là lára.

Ìyàá wá mú ọ̀já wá, èyí tó fi pọn àwọn ọmọ wọn. Mo gbà á yí ẹ̀yìn síìtì wá síwájú àyà. A ò ta á ní kókó, a kàn ki etí ẹ̀ bọ abẹ́ bí obìnrin ṣe ń ki etí ìró. Tí o bá fà á lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ ti tú. Wọ́n tún so ẹsẹ̀ mi, wọ́n tún dà mí sómi. Mo fà á, mo bọ́.

Bàbá wo ọ̀já, ojú ẹ̀ yí padà. "Ẹ fẹ́ pọ̀n mí?"

"Sà, kì í ṣe pípọ̀n..."

"Níwájú ará èbúté? Èmi tí mo kọ́ ìdajì wọn ní omi wíwẹ̀? Bẹ́líìtì ni mo fẹ́."

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, sà."

"Ṣé ẹgbẹ́ ni wá?"

"Bàbá àwọn ọmọ," ìyàwó ẹ̀ ní, "mi ò ṣe tán láti dopó o."

Bàbá yíjú sómi. Mo mú sísọ́ọ̀sì lápò, mo gé bẹ́líìtì náà. Ká ní mo ro ó ni, ẹ̀rù á bà mí.

Bàbá jágbe mọ́ mi. "Wọ́n lé ẹ nílé ìwé, o wá fẹ́ lé mi lójú omi?"

"Wọn ò lé mi, sà. Èmi ni mo sá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n gbé òun sínú ọkọ̀. Ó ká ọ̀já, ó gbé e lé itan. Wọ́n tì í lọ, ìgbòkun gba atẹ́gùn. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, a ò rí àyà ẹ̀.

"Ṣé ó dì í?" ìyàá bi mí.

"Ó dì í, mà. Mo rí i."

Irọ́ ni. Lókèèrè, ìgbòkun tẹ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ìyàá di ẹ̀wù mi mú. Ọkọ̀ gbérí padà.

Tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ báyìí, Bàrígà ni mo máa ń gbà lọ. Èmi àti ìyàá á dúró de bàbá létí omi. Tí bàbá bá dé, ọ̀já máa ń wà ní kíká lórí itan ẹ̀, ìyàá á sì fọwọ́ kàn án wò bóyá ó lò ó. Ó máa ń tutù. Ṣùgbọ́n kí ló ń ti inú ọkọ̀ yẹn bọ̀ tí kì í tutù?