Kàrabíìnì Bàbá Mi àti Túùkú Oko Ìdòwú

Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa pé túùkú ti wá. Kí a tó dé ojú oko, ní ìdájí tí ìrì ṣì ń rin wá lẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti gbé e pàdé wa: òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi imú tú, òórùn àgbàdo tútù tí wọ́n tẹ̀ fọ́, àti òórùn kíkan kan tó jẹ́ ti ara àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó náà fúnra wọn, tí kì í tètè kúrò nímú ènìyàn. Ìdòwú á dúró, á gbójú sókè, á sì sọ iye wọn. "Mẹ́fà ni wọ́n. Ọmọ wà láàárín wọn." Mi ò mọ bó ṣe ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá débẹ̀ tí a ka ipa ẹsẹ̀ wọn nínú ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí.

Abúlé kan lẹ́yìn Ìdígní ni mò ń sọ, lọ́nà tó lọ sí Òpómẹ́ta. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Wọ́n gbé bàbá mi, tó jẹ́ mẹ́tírì, bí a ṣe ń pe olùkọ́, kúrò ní Kétu lọ síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá mẹ́ta kan. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Pobẹ̀, kò lè bá wa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá wò wá, bí òjò kò bá tíì ba ọ̀nà jẹ́. Èmi àti bàbá mi nìkan la wà nínú ilé mẹ́tírì, tó dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí bí kò bá ní ẹjọ́ láti rò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, bàbá mi á máa wo ìwé àwọn ọmọ, èmi á máa ka kòkòrò tó ń sọ lu gíláàsì àtùpà. Bí mo bá ní mi ò rí ẹni bá ṣeré, á ní, "Ẹni tó bá níwèé lọ́wọ́ kò dá wà." Mo níwèé lọ́wọ́, mo sì dá wà.

Àwọn ọmọ abúlé kì í bá mi ṣeré. Ìwà wọn kò burú, wọ́n kàn gbọ́n ni. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá tì mí ṣubú lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi ni yóò bá pàdé lọ́jọ́ Ajé, pàṣán á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mẹ́tírì" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ìdòwú nìkan ló ń pè mí ní Ìbídùn. Òun kì í lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀, nítorí náà kò rí ìdí tí òun fi máa bẹ̀rù mẹ́tírì. Ó fi ọdún kan jù mí lọ. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, kò sì bí ọkùnrin rárá. Àwọn ìbejì tó ṣáájú Ìdòwú ti relé ọkọ, òun ló wá ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sígbó bí ọkùnrin ṣe ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Bí ọwọ́ ilé bá ti dilẹ̀, á wá dúró ní ẹnu ọ̀nà wa, á ní, "Ìbídùn, jẹ́ ká lọ." Mi ò bi í léèrè rí pé níbo.

Lẹ́nu bàbá rẹ̀ ni mo ti gbọ́ òfin igbó. Àwọn ọdẹ kì í pe orúkọ ara wọn nínú igbó. Súfèé ni wọ́n ń sú: ẹni tó ń wá ẹnìkejì á sú u lẹ́ẹ̀mejì, ẹnìkejì á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Ìdòwú mú etí mi lọ́jọ́ tó kọ́ mi, kò fà á, ó kàn dì í mú kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó ní, "Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ nínú igbó, tí o kò sì rí ẹni tó pè ọ́, dákẹ́. Ohun tó mọ orúkọ rẹ tí ìwọ kò mọ tirẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ." Èmi àti Ìdòwú fi òdindi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ súfèé. Tèmi dà bí ti ìkòkò omi tó fẹ́ hó. Tirẹ̀ mọ́ gaara.

Ní ọdún kejì tí a débẹ̀ ni bàbá mi ra kàrabíìnì. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ lọ́rùn kí wọ́n tó ki ọta sí i, ọta tí kò tó hóró ẹ̀wà. Kò ní ètù, kò ní èéfín, kò sì ní ariwo tó lè jí ọmọ tó ń sùn. Láti ìhà Nàìjíríà ló ti rà á, ó sì gbà pé òun ti rí ẹ̀rọ̀ àwọn ẹran tó ń jẹ oko abúlé run. Ó gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ìdòwú, níbi tí àwọn àgbà ti ń gba afẹ́fẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òwe, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: "Ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bà ìlú jẹ́." Bàbá Ìdòwú gba ìbọn náà. Ojú rẹ̀ ti ń fún un ní wàhálà lọ́dún yẹn, nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ló fi wò ó. Ó fi ọmọńdinrín wọn ẹnu ìbọn, ọmọńdinrín kò wọlé.

Ó ní, "Mẹ́tírì, ìmàdò kọ́ ló ń jẹ àgbàdo wa, túùkú ni. Ìbọn yín yìí, ara ló máa bá a họ. Bí ara bá ti ń yún un tẹ́lẹ̀, á padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ó dùn ún, torí kò tún pa òwe kankan mọ́ títí a fi délé. Láti ìgbà náà, agolo mílíìkì ló ń fi í yìn. Ní ọjọ́ Sátidé á tò wọ́n sórí ògiri, á sì jẹ́ kí èmi àti Ìdòwú gbìyànjú. Èmi kì í bá a. Ìdòwú kì í tàsé.

Lásìkò fákáǹsì ńlá, tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, ni àgbàdo gbó, àwọn túùkú náà sì mọ̀ ọ́n. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, wọ́n jẹ ìdajì oko Bàbá Ìdòwú. Ó ní ìbọn ètù gidi nílé, ṣùgbọ́n ojú tí yóò fi wò ó kò sí mọ́, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Bàbá mi lọ sí Kétu fún ìpàdé àwọn olùkọ́, ó gbé kàrabíìnì sórí àjà, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn Ìdòwú wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Kò ní kí a lọ. Ó ní, "Ìbídùn, gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún mi. Bí mo bá lu etí aṣáájú wọn, gbogbo wọn á sá, wọn ò sì ní padà."

Mo mọ̀ pé kò dára. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé bí mo bá kọ̀, á yí padà, á lọ, mi ò sì ní ní ẹnikẹ́ni mọ́ lábúlé náà. Mo gun àga.

Lọ́jọ́ kejì, a dé oko bàbá rẹ̀ kí ojúmọ́ tó là dáadáa. Igi irúgbá kan wà ní etí oko, ó ní kí n gùn ún kí n lè máa wò. Ó dúró nísàlẹ̀ lẹ́yìn ebè iṣu kan, kàrabíìnì ní èjìká rẹ̀. Aṣọ pupa ni mo wọ̀, mo rántí nítorí pé mo rò ó pé kò bá igi náà mu. Nígbà tí wọ́n dé, abo kan ló ṣáájú, irun pupa ní ẹ̀yìn, ọmọ mẹ́rin abílà tẹ̀ lé e. Mo rí i tí Ìdòwú fara balẹ̀ bó ṣe ń ṣe fún agolo. Mo gbọ́ ìbọn náà, "pó", bí ẹni fi ìka ta páànù.

Ó bà á létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abo tó ní ọmọ lẹ́yìn kì í sá fún ohun tó ń yún un létí. Ó yí padà, ó kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá, ó sì sáré bọ̀. Ìdòwú sọ ìbọn nù, ó bọ́ sínú igbó. Mi ò rí i mọ́, mi ò sì rí túùkú náà mọ́; koríko nìkan ni mo ń rí, tó ń mì síwá sẹ́yìn. Mo gbọ́ igbe kan, kúkúrú. Lẹ́yìn náà, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó gbọ́ orúkọ mi.

"Ìbídùn."

Kò pariwo. Ó pè mí bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Mo dúró de súfèé, kò sí súfèé. Ó tún pè mí. Ní ìgbà kẹta, ohùn náà ń gbọ̀n, ó sì fa orúkọ náà gùn. Mo fi ẹnu mọ́ èèpo igi, mo dì í mú. Mo ń sọ fún ara mi pé òfin igbó ni, pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀: mo mọ ohùn náà. Kò sí iwin tó lè fi ohùn Ìdòwú tàn mí jẹ, nítorí mo ti gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ ju bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi lọ. Túùkú ló bà mí lẹ́rù. Òfin igbó ni mo fi bojú.

Nígbà tí oòrùn yọ tí koríko kò mì mọ́, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì sá gba ọ̀nà ilé láì wẹ̀yìn. Mo ké sí wọn nílé, Bàbá Ìdòwú àti àwọn ọkùnrin méjì ló sì lọ gbé e wá. Eyín túùkú náà ti fa itan òsì rẹ̀ ya dé orúnkún. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e lọ sí Ìdígní, àárín àwọn méjì ni wọ́n fi sí, aṣọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà. Kó tó di pé wọ́n lọ, bàbá rẹ̀ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ súfèé?" Mo ní rárá. Òtítọ́ ni. Ó mi orí, ó ní, "O ṣe é re. O ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ." Títí dòní, kò sí ìyìn tó gún mi lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn nígbà tó dé, ó sọ pé ẹ̀bi òun ni. Ó gbé kàrabíìnì náà lọ, mi ò rí i mọ́. Kò lù mí. Ìyá mi wá láti Pobẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́." Mo dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé Ìdòwú padà wálé, mo lọ kí i. Ó wà lórí ẹní, ó ti rù. Ó ní, "Ẹnu mi gbẹ. Mo fẹ́ sú súfèé, kò jáde." Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ mi. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣé kí n bu omi fún ọ?" Ó ní òun ti mu omi.

Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó rìn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, mo sáré bọ́ síta. Ó ní, "Ọmọ mẹ́tírì, o ò lọ sí kíláàsì ni?" Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì bínú. Ó kàn pè mí ní ohun tí gbogbo ayé ń pè mí. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Tiwa kò pé méjì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé bàbá mi padà sí Kétu.

Agbẹ̀bí ni mí báyìí, ní Pobẹ̀. Ní àsìkò òjò tó kọjá, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá láti ìhà Ìdígní, ó ń rọbí. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Nígbà tó dìde láti kí mi, mo rí ẹsẹ̀ náà kí n tó rí ojú rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, màdámù," ó ní, ó sì kúnlẹ̀. Mo gbé e dìde. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin nìyẹn, ọmọ mẹ́tírì."

Ọmọ rẹ̀ bí ọkùnrin kí ọ̀sán tó pọ́n. Lẹ́yìn tí mo fọwọ́ tán, mo lọ jókòó tì í. Mo ní, "Ìdòwú, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni o pè mí. Mo mọ̀ pé ìwọ ni."

Ó ń ṣẹ́ aṣọ ọmọ tuntun léra, kò dúró. Ó ní, "Mo mọ̀. Mò ń rí aṣọ yín lórí igi. Mi ò pè yín pé kí ẹ wá o, túùkú náà ṣì wà nítòsí, á pa yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ jẹ́ mi, kí n mọ̀ pé mi ò dá wà." Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá òun lè wọlé lọ wo ọmọ náà. Mo ní ó lè wọlé.

Mo ṣẹ́ èyí tó kù nínú aṣọ ọmọ náà léra. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó wà lórí igi yẹn, mi ò bá a jà mọ́. Ẹ̀rù bà á, ó kéré, bí àgbà bá sì bá ara rẹ̀ níbẹ̀, ó lè dákẹ́ bákan náà. Èmi àgbà tó ju ogójì ọdún lọ ni mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún. Ó ní mọ́tò, ó mọ ọ̀nà Ìdígní, ó sì ń lọ sí Kétu lọ́dọọdún, ogún ọdún, láì yà síbẹ̀.