Ẹ̀gbọ́n Tí Kì Í Tọ́ Ọ Wò

Tí mo bá ti gbọ́ òórùn èèpo ọsàn, ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ báà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines lókè òkun ni mo máa ń rántí. Ó ti pẹ́ tó ti ń po ọtí tí wọ́n ń pè ní Old Fashioned, ìyẹn wisikí, ṣúgà, bítà àti èèpo ọsàn, kò sì fẹnu kàn án rí, torí Mùsùlùmí ni. Á gbé ife símú, á ní, "Ó ti jinná," bí ẹni ń se ọbẹ̀.

Ó máa ń sọ fún mi pé, "Nígbà táwọn ọlọ́tí bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣiríṣi sínú ẹ̀, àwọn àgbà ní kí wọ́n ṣe tàwọn bíi tàtijọ́. Ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti wá. Má fi nǹkan kún un."

Lọ́jọ́ kan, mánéjà tuntun ní ẹni tí kò bá lè tọ́ ọtí wò kò ní pò ó mọ́. Ó po ife kan láti fi hàn wá, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n gbé e símú, ó dá a padà.

"Kò sí bítà níbẹ̀, sà."

Mánéjà tọ́ ọ wò. Lóòótọ́ ni; ó tún gbé e fún ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kán bítà sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gbé e símú.

"Ó ti jinná, sà," ló wí, ó sì lọ fọwọ́, torí àkókò ìrun Àsàrí ti tó.