Ọ̀rẹ́ Tó Pa Kọ̀ǹpútà Lẹ́nu Mọ́

Òórùn bẹntiróòlù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí mo bá ti rántí yàrá ọ̀rẹ́ mi ní Ìjàpò, l'Ákùúrẹ́, nítorí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ kì í sinmi. Ibẹ̀ ni mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ kí n tó tà á, kó lè bá mi kó orin màmá mi sínú fíláàṣì. Orin ìrẹmọ ni, tí ìyá tirẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún l'Óǹdó, ní ojúlówó èdè Oǹdó; ó kọ wọ́n, mo fi fóònù gbà wọ́n sílẹ̀, mo sì kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Tíṣà ni màmá mi títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó bá sì rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò lámì, á ní, "Ta ló bọ́ ọ síhòòhò?" Nítorí náà, gbogbo orin yẹn ni mo fi àmì sórúkọ rẹ̀ pérépéré. Ohùn rẹ̀ tá a kọ́kọ́ gbà láti fi dán fóònù wò nìkan ni mo pè ní "test."

Ọ̀rẹ́ mi tẹ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa fi kó àwọn orin náà, ó fi àmì >, tó ń pè ní ọfà, sí ìparí rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ sọ, inú fáìlì ló máa wọ̀." Àfi bí ìlà ṣe ń gorí ìlà lójú kọ̀ǹpútà! Ó yà á lẹ́nu, kó tó rẹ́rìn-ín pé ẹnu méjì ni nǹkan náà ní, ọ̀kan fún ìjábọ̀, ọ̀kan fún àròyé, ọfà òun ò sì mú èkejì. Ló bá fi 2>/dev/null kún un, ìyẹn ihò tí ohun tó bá kó sí i kì í padà wá. Ojú kọ̀ǹpútà pa lọ́lọ́.

Mo ní, "Kí ló ń sọ ná?"

"Ariwo lásán ni, jàre. Ó ti parí."

A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé ni, mo gbà á gbọ́. Mo ta kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Màámi kú, tá a péjọ l'Óǹdó, àwọn àbúrò mi ní kí n jẹ́ káwọn gbọ́ ohùn Màámi. Kò sí orin kankan nínú fíláàṣì. Fíláàṣì náà ò gba orúkọ tó lámì. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń rojọ́ lé lórí nìyẹn.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Mo rí i pé ó ń kọ̀ díẹ̀, àmọ́ ojú ẹ ti ń yí padà, mi ò fẹ́ kọ́kàn ẹ dàrú."

Ó dùn mí wọra, ó ń dùn mí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. "Test" nìkan ló ríbi wọlé, torí pé orúkọ rẹ̀ ò lámì. Màámi wúkọ́ nínú rẹ̀, wọ́n ní, "Ṣó ń gbọ́ mi báyìí?" Mo sì dáhùn pé, "Ó ń gbọ́ yín, mà." Orin wọn ń ké lójú mi pé òun ò ríbi wọlé, ọ̀rẹ́ mi ní kó dákẹ́.