Ìwé Bọ́ǹbù Nínú Àpò Kùránì

Ẹ̀pà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn aláṣẹ ayé ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù. Lẹ́yìn ogun ńlá kejì ni, nígbà tí Faransé ṣì ń ṣàkóso Lomé, tí mo sì ń ta àgádágodo, dígí àti abẹ́rẹ́ ní ìsọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní ọjà ńlá. Obìnrin ẹ̀yà Mina kan ń ta ẹ̀pà sísun ní ọ̀kánkán mi. Bí ẹ bá ra ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fa ewé kan ya nínú ìwé àtijọ́, yóò ká a bí àrọ, yóò sì da ẹ̀pà sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo jẹ ẹ̀pà tán, mo tú ìwé náà láti fi nu ọwọ́, mo sì rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní èdè Faransé: bí orílẹ̀-èdè kan bá ní òun kò ní bọ́ǹbù átọ́míìkì mọ́, ta ni yóò wọ ilé rẹ̀ lọ wò ó bóyá òótọ́ ló sọ? Ewé náà parí síbẹ̀. Òróró ti bo ìlà tó kù.

Mo padà lọ bá a. Dàdá ni mo máa ń pè é, bí àwọn Mina ti ń pe obìnrin tó bá ju ni lọ.

"Dàdá, ìyókù rẹ̀ dà?"

"Ìyókù ẹ̀pà?"

"Ìyókù ìwé."

"Àwọn tó ra ẹ̀pà ti gbé e lọ. Anago, ẹ̀pà ni mo ń tà o, mi ò ta ìwé."

Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ọjà tó tú, ó ju èèpo iwájú ìwé náà sí mi pẹ̀lú ewé bíi mẹ́wàá tó ṣì rọ̀ mọ́ ọn.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé ọjà kò ṣòro láti mọ̀. Bí ọ̀gá òyìnbó kan bá ń padà sí ìlú rẹ̀, á kó aṣọ àti àwo sínú àpótí, á fi ìwé sílẹ̀, nítorí pé ìwé wúwo. Kúùkù rẹ̀ ni yóò ru ìwé náà lọ bá àwọn tó ń ta ìwé ìdìpọ̀, wọn yóò sì dà á pọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn àti àṣẹ́kù ìwé ilé iṣẹ́ ìjọba. Lónìí ẹni tó bá ń wá àlòkù ohunkóhun á forí lé ọjà Hédzranawoé. Nígbà yẹn, oko ẹ̀gẹ́ ni Hédzranawoé.

Mi ò kì í ṣe olóṣèlú. Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ kàwé, lọ́dọ̀ bàbá mi, kó tó fi mí sí iléèwé Faransé fún ọdún mẹ́fà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún méjèèjì. Kéwú kọ́ mi pé a kì í tẹ ohun tí a bá kọ mọ́lẹ̀. Iléèwé jẹ́ kí n lè ka ohun tí àwọn tó ń ṣàkóso wa ń bá ara wọn sọ. Ilẹ̀ tí a ń gbé, Faransé kò sọ pé òun ló ni ín. Àpérò àwọn orílẹ̀-èdè ló fi í sí i lọ́wọ́ pé kó máa tọ́jú rẹ̀ dè wá, títí a ó fi lè ṣàkóso ara wa. Ní irú àpérò yẹn kan náà ni wọ́n ti ń jiyàn lórí bọ́ǹbù. Mo rò pé bí mo bá lè mọ̀ bóyá wọ́n ń mú ìlérí ṣẹ lórí ohun ńlá bẹ́ẹ̀, màá lè fojú díwọ̀n èyí tí wọ́n ṣe fún wa.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Láàárín ọdún mẹ́ta mo ní ìwé méje tàbí mẹ́jọ, kò sí èyí tó pé. Ọ̀kan sọ bí wọ́n ṣe fi iná kan ṣoṣo run ìlú kan ní Japan. Òmíràn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn aṣojú ìjọba, wọ́n ń kí ara wọn púpọ̀ kí wọ́n tó kọ̀ fún ara wọn. Dàdá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Mínísítà. Bí ìwé tuntun bá dé ọwọ́ rẹ̀, á gbé e sókè kí gbogbo ìlà wa lè rí i: "Mínísítà, wá wo èyí kí n tó fi di ẹ̀pà! Ṣé ogun wà níbẹ̀?"

Ibi tí màá kó wọn sí ló kù. Iṣẹ́ bàbá mi ni kó máa fi ọwọ́ kọ Kùránì. Ìwé àwọn àáfáà àtijọ́ kì í ní ìdè lẹ́yìn. Ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, a ó tò wọ́n léra, a ó sì kì wọ́n bọ inú àpò awọ onídèrí. Nígbà tó kú, àpò mẹ́ta ló kù lára ògiri yàrá ìyá mi. Ọ̀kan ní àwọn ewé tí ikán ti jẹ. Méjì ṣófo, nítorí bàbá mi ti pín ohun tó wà nínú wọn fún àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyá mi kò mọ̀. Kò mọ̀wé kà, kì í sì í fọwọ́ kan àpò wọ̀nyẹn láìṣe àlùwàlá.

Ìwé tèmi náà ti tú ká, ó ti di ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó bá àpò náà mu rẹ́gí. Mo kó wọn sínú méjì tó ṣófo, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìyá mi bá rí mi tí mo jókòó ti àpò bàbá mi, á rìn jẹ́jẹ́ kọjá, á ní kí àwọn aládùúgbò má pariwo. Ó rò pé kéwú ni mo ń ké. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Ìwé tó jẹ mí lógún jù nínú wọn ni ìwé aláwọ̀ eérú kan tí ewé àkọ́kọ́ yẹn ti já. Mo ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ àwọn tó ra ẹ̀pà, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn alágbára jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ni yóò yẹ ilé ta wò. Tèmi dúró ní ojú ewé igba ó lé méjìlá, níbi tí ẹnì kan ti dìde láti fèsì. Fún ọdún kan ó lé, mi ò mọ èsì náà.

Ní ìparí òjò ọdún yẹn, Dàdá pè mí. Ìwé kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí òjò ti pa. Mo wo nọ́ńbà tó wà lókè: igba ó lé mẹ́tàlá. Gbogbo ìyókù ló wà níbẹ̀ títí dé òpin, ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tútù. Mo rọra ya wọ́n, mo fi ewé gbígbẹ sáàárín wọn, mo sì kì wọ́n sínú àpò kí wọ́n lè gbẹ kí wọ́n sì tẹ́jú. Mo ní ọjà láti lọ tà ní Kpalimé. Mo pinnu pé tí mo bá dé, ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, màá jókòó kà á.

Mo dé ní Ọjọ́bọ̀. Ìṣó mẹ́ta ló kù lára ògiri.

"Ìyá, àpò Bàbá dà?"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ẹni nìyẹn? Ẹni tó ti Kpalimé dé!"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i. Ó bi mí nípa ọ̀nà, nípa ọjà, nípa àwọn ará wa tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, pẹ̀lú ayọ̀. Oṣù tó ṣíwájú ààwẹ̀ ti wọlé. Àwọn àgbà mọ́sáláṣí ti rán ènìyàn kiri pé kí ilé kọ̀ọ̀kan kó ewé Kùránì tó ti gbó wá, kí wọ́n lè sin wọ́n bó ti yẹ.

"Mo rí i tí ewé inú wọn ti pọ́n, tí wọ́n ń yọ etí síta," ni ó wí. "Mo ṣe àlùwàlá, mo ru wọ́n fúnra mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n fi aṣọ funfun dì wọ́n pẹ̀lú àpò wọn. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, ara mi ò fúyẹ́ báyìí rí."

"Wọn ò tú u wò?"

"Ìwé àáfáà bíi bàbá rẹ? Ta ló máa tú u wò?"

Mo jẹ oúnjẹ tó gbé síwájú mi. Mi ò rántí ohun tó jẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì mo lọ bá Lèmọ́mù lábẹ́ igi dóńgóyárò ẹ̀yìn mọ́sáláṣí, ní Zongo, àdúgbò àwa Mùsùlùmí. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ṣì tutù, wọ́n ti fi òkúta yí i ká. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún un láti orí ẹ̀pà títí dé Kpalimé.

"Kí ló wà nínú ìwé náà gan-an?"

"Baba, ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù tó ń run ìlú ni. Àwọn tó ni ín ń wá bí wọn yóò ṣe ṣèlérí pé wọn ò ní lò ó."

"Wọ́n ṣèlérí náà?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kà."

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. "Ìwọ ọmọ kéwú, o wá wọ ẹ̀wù Kùránì fún ìjà àwọn aláìgbọràn."

"Ẹ forí jì mí, Baba. Ṣé a lè wú u?"

"Ewé ilé mélòó ló wà lórí tìrẹ? Bí a bá fẹ́ dé ibẹ̀, a ó kó ọ̀rọ̀ Ọlọ́run síta lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa bi í pé, ṣé ìwọ ni bọ́ǹbù?" Ẹ̀rín fẹ́ yọ lójú rẹ̀, ó gbé e mì. "Ìwé òyìnbó, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í tẹ ẹyọ kan. Òmíràn á wá. Fi èyí sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ìyá mi títí ààwẹ̀ yóò fi parí, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ nínú ìjọsìn. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni mo sọ ọ́. Ẹ̀wà ló ń ṣà.

Ó ti àwo ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Orúkọ Ọlọ́run ò sí nínú wọn rárá?"

"Mi ò rí i, Ìyá."

"Kódà ẹ̀ẹ̀kan?"

"Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọba wọn púpọ̀."

"Mo wá ṣe àlùwàlá fún bọ́ǹbù." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fi etí aṣọ nu ojú, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun. "Gbogbo ìgbà tí mo ń ní kí wọ́n má pariwo ńkọ́?"

Mo tọrọ ìdáríjì, ó sì dárí jì mí. Mo ṣì ń dúpẹ́ ìdáríjì yẹn.

Láti ìgbà náà, kò tún sí ìwé ìdìpọ̀ tó wọ ilé wa tó sọ nù. Ó máa ń tẹ́ èyí tí wọ́n fi di ọṣẹ, iyọ̀ àti ẹja, á nà án gbẹ, á gbé e wá fún mi. "Ṣé èyí ni?" Ìwé owó-orí ni, tàbí ìwé ilé ìwòsàn Tokoin, tàbí bí wọ́n ṣe ń rán kọ́ọ̀tì àwọn obìnrin òyìnbó. Ó fi aṣọ téérú rán àpò kan fún mi, ó so òwú búlúù mọ́ ọrùn rẹ̀, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó ń wọlé pé èyí tó ní òwú búlúù, wọ́n lè fọwọ́ kàn án bó ti wù wọ́n.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù tó ṣẹ. Dàdá ra ìdì kan lọ́wọ́ kúùkù kan, ìwé aláwọ̀ eérú yẹn sì wà nínú rẹ̀, odindi, pẹ̀lú èèpo méjèèjì. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó ní òun náà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí. Mo gbé e délé, mo ṣí i sí ojú ewé igba ó lé mẹ́tàlá, mo kà á títí ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ìyá mi fi yí ká lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

"Wọ́n fi ẹnu kò?"

"Rárá, Ìyá. Ẹni tó dìde yẹn, ó ní òun kò lè fèsì lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn, ìwé sì parí síbẹ̀."

"Ìyẹn náà ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Ìyẹn náà ni."

Ó ronú sí i. "Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á tún pàdé?"

"Wọ́n ní àwọn á tún pàdé."

"Alhamdulilahi," ni ó wí, ó sì na àpò olówùú búlúù sí mi kí n kó ìwé náà sí i.