Ibi Tí Iṣu Ti Ń Dúró

Àbúrò mi, Francis, kò mọ ìjókòó rárá. Kó tó jẹun tán ló ti dìde, tó ń rìn yí ilé ká bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ọdún mọ́kànlélógún rèé tó ti ń ju iṣu sókè ọkọ̀ ní Ìkòrò: òun á wà nílẹ̀, ẹlòmíràn á wà lórí ẹrù, á máa gbà á. Ó máa ń sọ fún mi pé ẹni tó wà lókè kì í mú iṣu tó ń gòkè, kì í sì í mú èyí tó ń bọ̀ wálẹ̀. Ibi tó bá ti dúró fẹ́ẹ́ ni wọ́n ti ń mú un.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò yẹn gan-an kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì rí i kó yé wọn tó bẹ́ẹ̀.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ tuntun wá, tó ga ju ti àtijọ́ lọ. Iṣu Francis kò dé ọwọ́ Akíntúndé, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbà á lókè, mọ́. Mẹ́ta já wálẹ̀, wọ́n fọ́ yángá. Olúkáyọ̀dé, olórí wọn, ní bí òmíràn bá fọ́, kí Francis máa lọ sílé. Ọkàn àbúrò mi ò balẹ̀ mọ́. Ó ní ọkọ̀ ni ò dúró dáadáa, ó ní iṣu ọdún yìí ló wúwo, ó ní Akíntúndé ni ò na ọwọ́.

Èmi náà ò lè jókòó mọ́. Mo lọ síbẹ̀, mo ní kó ju iṣu kan sókè kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á, mo fi fóònù ka àkókò rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 1.6. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé gíga iṣu jẹ́ 8t − 5t², t sì ni àkókò. Ìdajì àkókò yẹn, 0.8, ni iṣu dúró, ní mítà 3.2 sókè ọwọ́ Francis. Láti ibẹ̀ kan náà, mítà 3.6 ni ọwọ́ Akíntúndé wà. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdáhùn ò yí padà. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ fa ìwé náà ya.

Nígbà tí mo fi hàn án, ó bínú, ó ní ìwé wo ló ń ju iṣu. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó padà, ó tún lọ. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Kò sí bí iṣu mi ṣe lè débẹ̀ mọ́?"

"Kò sí, Francis."

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e lọ. Ó ní kí Akíntúndé sọ̀kalẹ̀ wá jù, kí òun gòkè. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Iṣu àkọ́kọ́ dé. Francis kò na ọwọ́ títí iṣu fi dúró. Iṣu kankan ò fọ́ lọ́jọ́ náà.

Lálẹ́, ó jókòó, ó sì jẹ àsáró tán láìdìde. Ó wá bi mí ohun tí ìwé mi sọ pé iṣu ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti dúró. Mo ní ó máa ń bọ̀ wálẹ̀ ni.

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kì í wálẹ̀, bí ẹnì kan bá ti mú un."