Ìparí Ìwé Tó Wà Lábẹ́ Ìrọ̀rí Bàbá

Èmi ò lè ka ìwé ọ̀ràn ìpànìyàn láìkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí mo bá rí ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń to ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Yaba, orí ìdúró níbẹ̀ ni màá ti ṣí i débi ìparí, tí màá sì wá orúkọ ẹni tó pààyàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àìsàn ni. Mo ní kì í ṣe àìsàn, ara mi ni ò gba kí wọ́n fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Tí mo bá ti mọ oníṣẹ́ ibi náà tán, màá wá fara balẹ̀, màá padà sí ojú ìwé kìíní, màá sì máa wò ó bó ṣe ń bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, bó ṣe ń po tíì fún ọlọ́pàá. Ìgbádùn tèmi nìyẹn.

Torí náà, ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa kò ní gbà gbọ́ pé ìwé kan wà tí mo fi bí oṣù mẹ́fà gbọ́, tí mi ò sì mọ ẹni tó ṣe é títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo ṣáà ti sọ fún gbogbo ilé ni pé ajá ni.

Musin ni mò ń gbé, nínú ilé tí yàrá kọjú síra wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan wà láàárín. Yàrá mi ló kángun sí ẹ̀yìnkùlé. Yàrá tó sún mọ́ títì jù ni ti Bàbá, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe stókípà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo sì wà ní Ìbàdàn. Ìwé ọ̀ràn ìpànìyàn ni Bàbá fi ń ṣe oúnjẹ. Òun ni mo ti ń yá ìwé láti ọjọ́ tí mo ti kó débẹ̀, bó sì ṣe mọ̀ pé ẹ̀yìn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, kò fi ìkórìíra rẹ̀ sí ìwà náà pa mọ́. Ó ní olè ni mí.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun rẹ̀ kankan ò ṣẹ́, àmọ́ ẹ̀rù ba gbogbo wa. Lọ́jọ́ kejì ni Àǹtí Ìbàdàn dé, ó ní òun ò lè fi bàbá òun sílẹ̀ láàárín àwọn tí òun kò mọ̀ rí, ó yẹ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bàbá kò bá a jiyàn. Èmi nìkan ló sọ fún lẹ́yìn náà pé ọmọ náà ń lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì ní í dé títí ilẹ̀ á fi ṣú, ògiri ni òun á máa bá sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ lójú ọmọ rẹ̀ kò ju gbólóhùn méjì lọ.

Ó ní, "Mo ń bọ̀. Jẹ́ kí n ka ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ará ilé yìí parí ná."

Àǹtí wo ìwé náà, ó rí i pé kò nípọn. Ó rò ó pé ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ jù fún un. Ó gbà.

Bí ìwé kíkà ọjọ́ Sọ́ńdè ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé wa nìyẹn. Tó bá ti di aago mẹ́rin, a ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa wo Gẹ̀ẹ́sì, á sì máa sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá. Àwa tí kì í pa á jẹ ni èmi, Àǹtí télọ̀ tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé ti Bàbá, àti Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wa.

Ìlú kékeré kan lókè òkun ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Òjò kì í dá níbẹ̀, àwọn aráàlú náà kò sì tó iye èèyàn tó wà nínú ilé tiwa àti ilé kejì. Ọkùnrin olówó kan wa mọ́tò rẹ̀ bọ̀ látorí òkè, kò rí bíréèkì, ó fi orí sọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó kú. Ajá rẹ̀ tó wà lórí àga ẹ̀yìn nínú mọ́tò kò fara pa rárá. Ọlọ́pàá wo mọ́tò náà, ó ní wọ́n ti gé họ́òsì bíréèkì, ìyẹn rọ́bà tí óìlì rẹ̀ ń gbà kọjá, ó sì rí ìbọ̀wọ́ kan nílẹ̀ gáréèjì. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń fura sí: ìyàwó pásítọ̀, dókítà ìlú, àti àbúrò olóògbé tó máa jogún ilé.

Ohun tó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ ni aṣọ ọ̀fọ̀. Bàbá kà á pé ìyàwó pásítọ̀ wọ aṣọ dúdú tuntun tó bá a mu rẹ́gí lọ síbi ìsìnkú, ní ọjọ́ kẹta tí ọkùnrin náà kú. Àǹtí télọ̀ dìde.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má kà á mọ́, a ti mú un. Télọ̀ wo ló máa rán aṣọ parí láàárín ọjọ́ mẹ́ta? Ó ti gbé aṣọ yẹn fún télọ̀ kí ọkùnrin yẹn tó kú."

Èmi tí aṣọ mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti bí oṣù méjì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì ní dókítà ni. Wọ́n ti kọ ọ́ pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọṣẹ ń ta sánsán lọ́wọ́ dókítà. "Bíréèkì óìlì ló ń fọ̀," ló wí. "Òórùn ẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀. Ẹ wá gbóòórùn ọwọ́ tèmi." A gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó sì tún ń bínú sí ọlọ́pàá inú ìwé náà pé kò tẹ́ páálí sílẹ̀ kó wọ abẹ́ mọ́tò fúnra rẹ̀, ó lé ní ọjọ́ mẹ́ta tí kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nígbà tó wá ku ìparí nìkan, Bàbá dá òfin sílẹ̀. Ó ti gé apá tó kẹ́yìn ìwé náà kúrò, ó fi bébà búráwùn dì í, ó fi òwú so ó, ó sì ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa buwọ́ lu ojú ibi tí bébà ti pàdé. Ó ní a ò ní ṣí i títí gbogbo wa á fi fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnì kan.

Ó ní, "Ní stóò wa, tó bá ku ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì buwọ́ lùwé, ẹrù ò ní jáde."

Ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Mo rò pé màá ya wèrè.

Oṣù kan kọjá, oṣù kejì wọlé. Àǹtí télọ̀ àti Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì kì í ki ara wọn mọ́ tó bá ti di ọjọ́ Ajé. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí Àǹtí télọ̀ á ti kan ilẹ̀kùn Bàbá láti sọ ẹ̀rí tuntun tó rò lórí ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì kan irin gbọọrọ kan mọ́ ògiri balùwẹ̀ kí Bàbá lè máa rí nǹkan dì mú. Bó ṣe ń kàn án ló ń pariwo látinú ibẹ̀ pé dókítà ni, dókítà ni. Àǹtí Ìbàdàn ń pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ṣé ẹ ti parí ìwé yẹn, Bàbá?"

"Ó ku díẹ̀."

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ́físì kan ní Yaba ni kí n máa bá àwọn oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí inú wọn á fi rọ̀, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí èèyàn lọ́kàn padà. Mo bá Àǹtí télọ̀ jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo bi í pé, ìyàwó pásítọ̀ tí aṣọ rẹ̀ fún mọ́ra tó báyẹn, báwo ló ṣe lè wọ abẹ́ mọ́tò? Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó ronú. Ó ní lóòótọ́, ìdí aṣọ náà á ti ya. Bó ṣe gbà pé dókítà ni nìyẹn. Èmi alára, àbúrò olóògbé ni mò ń fura sí, àmọ́ mo ti dókítà lẹ́yìn, torí ẹnikẹ́ni ni mo lè tì lẹ́yìn kí wọ́n ṣáà ti ṣí ìwé. A fi ìpàdé sí ọjọ́ Sọ́ńdè, Àǹtí télọ̀ sì fi ayọ̀ pe Ìbàdàn pé ìwé ti fẹ́ parí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Àǹtí Ìbàdàn dé pẹ̀lú báàgì òfìfo mẹ́rin. Ó ní kí n bá òun gbé ibùsùn Bàbá sóòrùn, òun fẹ́ jáde lọ ra okùn. Bàbá wà níta pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì. Mo gbé ìrọ̀rí. Ìdì bébà búráwùn wà níbẹ̀.

Mo ti sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo rọra tú òwú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde láìba ìbuwọ́lù ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ìwé ìlànà fìríìjì ni. Àwòrán fìríìjì tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ wà níwájú, àlàyé bí wọ́n ṣe ń nu ìdí rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ ní èdè márùn-ún. Mo tú u títí, mi ò rí òkú kankan níbẹ̀. Mo wá sáré mú ìwé gan-an lórí tábìlì, mo wo ibi tó parí sí. Àárín gbólóhùn ló dúró sí, etí ibi tó ti ya sì ti pọ́n, ó ti pẹ́ kó tó dé ọwọ́ Bàbá tó ti rí bẹ́ẹ̀. Bàbá kò gé nǹkan kan. Nínú gbogbo ìwé tó ní, èyí tí kò ní ìparí ló mú, tó sì fi jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọmọ rẹ̀.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Oṣù mélòó ni mo fi ń jìyà. Lẹ́yìn náà ni mo rí báàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, tí ọ̀kan ti ní bàtà Bàbá nínú, ojú sì tì mí gan-an. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó ọkùnrin náà sínú báàgì.

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sọ́ńdè, gbogbo wa jókòó. Bàbá gbé ìdì náà lé orúnkún. Ó bi Àǹtí télọ̀, ìyẹn ní dókítà ni. Ó bi Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ìyẹn ní ṣé òun ò ti sọ láti ọjọ́ yìí ni, dókítà ni. Ó wá kan èmi.

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ajá ni."

Àǹtí télọ̀ yíjú sí mi. "Ajá wo?"

"Ajá tó wà lẹ́yìn mọ́tò. Wọ́n tì í mọ́ gáréèjì pẹ̀lú mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Bàbá kà á fún wa. Ebi ń pa á. Ó jẹ họ́òsì bíréèkì."

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Mọ́tò kan wà tí wọ́n wọ́ wá bá mi láti Ìlúpéjú. Èkúté ló jẹ họ́òsì ẹ̀. Ojú ibi tó jẹ, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e ló rí." Ó gbé orí sókè. "Bàbá, ẹ má ka ọwọ́ mi mọ́ ọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó."

Àǹtí télọ̀ ní tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, òun padà sọ́dọ̀ ìyàwó pásítọ̀ òun. Mo rò pé Àǹtí Ìbàdàn máa bínú, ojú rẹ̀ ti le. Ó gbá apá àga.

Ó ní, "Ajá kì í wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n rí ní gáréèjì ńkọ́? Ṣé ẹ ò rí i pé àbúrò ẹ̀ ni?"

Gbogbo wa kọjú sí i. Bàbá ti ń sọ ìtàn náà fún un lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀, a ò mọ̀. A bá a jiyàn títí oòrùn fi wọ̀, kò sì sẹ́ni tó yí ọkàn padà, àní èmi tí mo mọ̀ dájú pé irọ́ ni mò ń pa.

Nígbà tí mo ń gbé àga Bàbá padà sí yàrá, ó ń ti ìdì náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò wo ojú mi.

Ó ní, "Fìríìjì yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń tọ́jú ìwé ẹ̀ fún."

Mo ní, "Ẹ máa tọ́jú ẹ̀, Bàbá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Ìbàdàn wẹ̀ ní balùwẹ̀, ó rí irin tó wà lára ògiri. Ó gbọ́ tí Àǹtí télọ̀ ń kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó kó bàtà Bàbá jáde, ó kó báàgì òfìfo rẹ̀, ó ní tí ìwé bá parí kí a pe òun. Ó ń pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí láti sọ tẹnu rẹ̀ nípa àbúrò olóògbé.

Lóṣù tó kọjá, mo rí ìwé náà ní Yaba. Ó pé, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà á mọ ìwà mi, kí n tó sọ̀rọ̀ ló ti ṣí i débi ìparí fún mi. Mo di ojú mi. Mo ní kó pa á dé, kó pa á dé kíá, àwọn tó ń kọjá sì ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Tí mo bá kà á, ojú kan ni Bàbá máa wò mí tó máa mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n sọ ọ́ fún òun, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ ẹni tó pa ọkùnrin náà tó o nínú ilé wa. Tó bá sì ti mọ̀, ìwé ti parí nìyẹn, Bàbá kì í yẹ àdéhùn, á kó lọ sí Ìbàdàn.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, mo tì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tó to ìwé sí, mo sì lọ sílé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ní aago mẹ́rin, Bàbá bi mí, mo sì ní ajá ni.