Àmín Màmá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kan ilẹ̀ lórí àga ìjẹun, àwọn ẹgbẹ́ mi ní àdúgbò Abraham Adésànyà ń fi àárọ̀ Sátidé gbá bọ́ọ̀lù nínú iyanrìn. Èmi ń kọ́ èdè Sípéènì. Sípéènì ni màmá mi wà, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n ní bí mo bá ti gbọ́ èdè náà, àwọn á mú mi kúrò lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí wọn. Èmi ò fẹ́ lọ. Màmá mi ni mo fẹ́ kó padà wálé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí.

Àǹtí tó ń kọ́ mi wá dé orí ọ̀rọ̀ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, tí èèyàn kàn ń rò ó. Hablar, ìyẹn sọ̀rọ̀, á di hablara; comer, jẹun, á di comiera; vivir, gbé, á di viviera. Wọ́n ní kí n fi ṣe gbólóhùn, kí n sì túmọ̀ rẹ̀.

"Ká ní olè wọ ilé wa," ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Màmá Àgbà tó ń din àkàrà sáré jáde láti kíṣìnnì, epo ń kán lẹ́nu síbí. Wọ́n ta ìka yí orí mi ká. "Olè ò ní wọlé wa! Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ." Wọ́n ní kí n lọ fọ ẹnu mi, kí n kúnlẹ̀ kọjú sógiri. Àǹtí ń jẹ àkàrà ní tiwọn.

Láti ọjọ́ náà, gbólóhùn rere nìkan là ń ṣe, Màmá Àgbà sì ń ṣe àmín sí i láti kíṣìnnì. Ká ní òjò dá. Àmín. Ká ní mo jẹ ẹran méjì. Àmín, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni mo bá nínú abọ́. Nígbà tó yá, Àǹtí gan-an ń dúró de àmín kí wọ́n tó máàkì.

Lọ́jọ́ kan, màmá mi pè lórí fóònù, wọ́n ní kí n sọ èdè náà kí àwọn gbọ́. Mo ní, "Si mi mamá regresara a casa, yo cocinaría para ella." Màmá Àgbà bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

"Ká ní màmá mi padà wálé, ǹ bá máa se oúnjẹ fún wọn."

Mò ń retí àmín. Àmín ò wá. Màmá Àgbà nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n gba fóònù. "Èdè tó o ní kó gbọ́, ó ti gbọ́ ọ. Ìwọ náà, ṣé o gbọ́ tiẹ̀? Máa bọ̀ wálé."

Màmá mi dé kí ọdún yẹn tó parí. Mo sunkún débi pé mi ò lè se nǹkan kan.

Lónìí, orí fóònù lọmọ mi ti ń kọ́ èdè kan náà. Kò sí ìkúnlẹ̀, kò sí àkàrà. Bó bá gbà á, fóònù á dún, ó parí. Màmá Àgbà ti lọ sinmi. Lánàá, ọmọ náà túmọ̀ gbólóhùn kan sókè pé ká ní gbogbo wa jọ gbé pẹ́. Fóònù dún. Mo tẹ́tí sí kíṣìnnì láìmọ̀, bí mo ti máa ń ṣe.

"Àmín o," ni màmá mi dáhùn níbẹ̀.